Èèpo Igi Lálúpọn Nílẹ̀ Òtútù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òyìnbó lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ti dé á ní gbogbo rẹ̀ dára, títì ń dán, iná kì í lọ. Wọn kò purọ́ nípa ti iná. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń sọ lọ, èmi náà sì ti wà lára wọn. Ọdún kan gbáko ni mo lò lọ́hùn-ún, gbogbo lẹ́tà tí mo kọ wálé ló dùn ju bí ayé mi ṣe rí lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló yẹ kí n ti kọ sínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kò ní dárúkọ igi tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹ má bínú. Tí ẹ bá kà á débi tó parí sí, ẹ óò rí i pé èmi kọ́ ni mo lè máa pín orúkọ náà kiri.

Ẹ̀yìn ilé Màmá Lálúpọn

Yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajíbọ́dẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni pé kí n yọ ohun tó wà nínú ewé àti èèpo igi jáde, kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì wá èyí tó ń ṣe oògùn nínú wọn. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, inú yàrá kan ní Ajíbọ́dẹ ni èmi àti Bùnmi, ọmọ mi obìnrin, ń gbé. Nígbà tí Bùnmi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibà dá a dùbúlẹ̀. Mo fún un ní oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà, èyí tó máa ń yún ni lára bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ọmọ náà họra títí ara rẹ̀ fi bó, ibà kò lọ. Mo tún fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ibà lọ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún padà wá. Lásìkò yẹn, oògùn náà ti ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí kò ṣe bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo gbé ọmọ mi lọ sí Lálúpọn, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Màmá Lálúpọn ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Gàrí ni wọ́n ń yan tà. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ àdúrà wọn kì í sì ní àbàwọ́n bó ti wù kí èéfín ààrò pọ̀ tó. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Bùnmi, wọ́n mú àdá, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn, wọ́n ní kí n jókòó ti ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, èèpo igi ti wà nínú ìṣẹ́po ìró wọn. Wọ́n sè é, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, Bùnmi sì mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀bà.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá, mo ní kí wọ́n fún mi ní díẹ̀ nínú èèpo náà.

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Kò sí, mà. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni."

Màmá gbé ìkòkò àgbo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn kan wá láti yunifásítì yín níjọ́sí. Wọ́n ní àwọn á padà wá sọ fún mi bó bá ṣe rí. Títí di òní, mi ò tíì rí wọn."

"Èmi kọ́ nìyẹn, mà. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ yín ni mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àpò kékeré kan fún mi. Èèpo igi tó ti gbẹ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. "Gbà. Bó bá ṣe rí, kó o wá sọ fún mi." Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe máa ń gbọ́ "ẹ kílé o", mo sì wọ bọ́ọ̀sì.

Láàárín oṣù díẹ̀, mo rí àyè ọdún kan gbà ní lábù ìwádìí kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Bùnmi sílẹ̀ fún Màmá Lálúpọn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín: ọkùnrin kan wà ní yunifásítì wa tó jẹ́ pé tó bá ti gbóòórùn èèpo igi, á sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ. Ó yẹ kí n fi tèmi hàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé á gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó pàdé mi lójú ọ̀nà tó bi mí pé kí ni mo dì sínú àpò, èlùbọ́ ni mo pè é.

Ọkùnrin tó gbóòórùn àpò mi

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀, òtútù gbá mi létí. Mo rò pé ẹnì kan ló ṣí fíríìjì sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba ní kí n tú ẹrù mi. Ó rí gàrí, ó rí ata gígún, ó rí ìwé àṣẹ tí mo fi gbé èèpo náà wá. Ó gbé àpò èèpo síwájú imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Ẹ̀rín yẹn dà mí láàmú títí mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Kí ló ń rín? Àbí wọ́n ti ń retí mi? Mo yọ ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú èèpo náà, mo dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Nínú ọkàn mi, mo ní tí wọ́n bá jí ìyókù, wọn kò lè jí èyí.

Ilé tí oúnjẹ ti ní orúkọ

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ilé tí mo wọ̀ sí. Ó kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ó fún mi ní tíì, ó sì mú mi lọ wo ilé ìdáná. Gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì ló ti lẹ ìwé mọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára wàrà, orúkọ ọmọ ilé ìwé kan tó ń gbé lókè wà lára ẹyin. Ó fún èmi náà ní ìwé àti gọ́ọ̀mù, ó ní kí n máa kọ orúkọ mi sára tèmi. Nílé wa, ẹni tó bá kọ orúkọ sára ẹyin, olè ló ń pe gbogbo ilé. Mo kọ orúkọ mi sára gàrí mi pẹ̀lú ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa jẹ gàrí mi nínú ilé náà.

Oúnjẹ wọn kò burú, kò kàn bá ẹnikẹ́ni jà lẹ́nu ni. Ànàmọ́ òyìnbó bíbọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n fi ṣúgà sè, ẹja tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun. Mo máa ń bu ata gígún mi sí i, àwọn tó jókòó sí tábìlì á máa wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ń jẹ iyanrìn. Wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa lo wà?", kí n tó la ẹnu, wọ́n ti kọjá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń tẹ̀lé wọn kí n lè dáhùn. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Mo ní àwọn ènìyàn tí kì í dúró gbọ́ ìdáhùn, kí ni wọ́n ń fi pa mọ́?

Kéèkì ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀gá lábù náà jẹ́ pọ̀fẹ́sọ̀ tó tó bí mi lọ́mọ, wọ́n sì ní kí n máa pe àwọn ní Jọ́ọ̀nù. Ẹnu mi kò gbà á. Ọdún kan ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́ láìpè wọ́n lórúkọ kankan. Tí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, mo máa ń wúkọ́.

Ẹnìkejì tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀ ni Màgírẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń tọ́jú lábù. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù wà, níbi tí a ń kó gbogbo ìgò sí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń gbé kéèkì kan wá láti ilé rẹ̀, á gé e, á sì fi ègé kan sórí tábìlì mi nínú ìwé pẹlẹbẹ. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ló ń fún àlejò ní kéèkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìní ohun tó ń wá? Mo máa ń dúpẹ́, nígbà tó bá sì yí ẹ̀yìn padà, mo máa ń jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

Iṣẹ́ wa nìyí, kí ó lè yé yín. A lọ èèpo náà, a rẹ ẹ́, a sì yọ ohun kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì korò jáde nínú rẹ̀. A wá mọ bí ó ṣe rí, ibi tó ti tẹ̀, ibi tó ti gún. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wa ṣe irú rẹ̀, láìlo igi mọ́. Ẹ ronú alágbẹ̀dẹ tó rí kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn. Á rọ irú rẹ̀, á fi ayùn rẹ́ eyín rẹ̀ níhìn-ín, á fi kún un lọ́hùn-ún, kí ó lè ṣí ilẹ̀kùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí a bá ṣe ọ̀kan tán, a ó fi ránṣẹ́ sí yàrá mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú àwo dígí. Wọ́n á da ohun tí a ṣe sí i, wọ́n á sì wò ó bóyá àwọn kòkòrò náà kú.

Kòkòrò ibà ń jẹ ayé lọ

Wọn kò kú. Èyí tó ti inú igi wá kò pa wọ́n. Pọ̀fẹ́sọ̀ ní bóyá ó kù díẹ̀ ni, ìrísí rẹ̀ dára, ká túbọ̀ máa rẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ náà. A ṣe ọ̀kan, a ṣe èjì, a ṣe é títí ó fi di mọ́kànlá. Òmíràn gbà mí ní oṣù kan àtààbọ̀. Òmíràn bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí n parí rẹ̀, mo sì sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kòkòrò ibà ń bí sí i ni, ń rẹ̀ sí i, nínú gbogbo rẹ̀.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo rí ọmọ mi pẹ̀lú ojú ara mi nígbà tó dìde lórí ẹní lẹ́yìn tó mu àgbo yẹn. Tí oògùn bá wà nínú èèpo náà ní Lálúpọn, tí kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́ níhìn-ín, á jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́? Lọ́jọ́ kan mo lọ bá Màgírẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. Mo ní kó dá èèpo mi padà.

Kò jà. Ojú rẹ̀ kàn pọ́n. Ó gbé ìwé ńlá kan sílẹ̀, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí gbogbo ọjọ́ àti wákàtí tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgò mi. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìbọ̀sẹ̀ inú àpótí mi. Mo gbé èèpo tó wà nínú rẹ̀ wá, mo dá ṣe é fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun pupa kíkorò yẹn kan náà ló jáde. Kòkòrò ibà sì là á já bákan náà. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Màgírẹ́ẹ̀tì gé kéèkì, ó pín in, ó sì fo tábìlì mi. N kò mọ̀ pé ohun tí mo ti ń dà nù látọjọ́ yìí lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mo ń kọ lẹ́tà sílé, Bùnmi ló sì ń kà á fún Màmá. Ẹ mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. A kì í kọ ìbànújẹ́ sí àgbà tó wà lọ́nà jíjìn. Láti lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, mo kọ ọ́ pé èèpo wọn ń ṣe bẹbẹ, pé ẹnu ń ya àwọn òyìnbó, pé gbogbo lábù ló ń kí Màmá Lálúpọn. Kódà, nínú ọ̀kan, mo ní pọ̀fẹ́sọ̀ dìde dúró nígbà tó gbọ́ orúkọ wọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bó bá ṣe rí, kó o wá sọ fún mi

Mo wọ Lálúpọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, èéfín gàrí ló pàdé mi. Bùnmi jáde wá. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," bí ẹni tó ń kí àlejò Màmá, ó sì dúró síbẹ̀, kò súnmọ́ mi. Ọdún kan ni mo fi ra ìyẹn. Mo dì mọ́ ọn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ òun náà tó dé ẹ̀yìn mi.

Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, Màmá fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ààrò. Gbogbo lẹ́tà mi ni wọ́n fi okùn àpò gàrí so pọ̀, ó wà lórí itan wọn.

"Bùnmi ka gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó dùn." Wọ́n rọra fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. "Èèpo yẹn ńkọ́?"

Ó ti wà lẹ́nu mi. "Ó ṣe dáadáa, mà," ó ti délẹ̀, ó kù kí n tu ú jáde. Ṣùgbọ́n Bùnmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wò mí, ó ń retí ohun tí màá sọ. N kò lè ṣe é.

"Màmá, kò ṣiṣẹ́."

"Kí lo wí?"

"Kò ṣiṣẹ́ rárá, mà. Irọ́ ni mo ń kọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe, kò pa kòkòrò kan ṣoṣo. Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dún kan gbáko lórí òfìfo."

Màmá gbọn ìyẹ̀fun gàrí dà nù lọ́wọ́. Ojú wọn kò yí padà. "Kò lè ṣiṣẹ́. Òun kọ́ nìyẹn."

"Kí lẹ sọ, mà?"

"Igi tó jọ ọ́ ni. Ìyá tó kọ́ mi, bó ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tí ò ní aláìsàn nílé tó wá ń bèèrè, èyí tó jọ ọ́ la máa fún un. Kò ní pa á, kò sì ní wò ó sàn. Tó bá padà wá pé kò ṣiṣẹ́, a ó mú un dé ìdí igi gan-an, torí òótọ́ ló ń bá ọ̀rọ̀ náà ṣe. Tó bá wá ń sọ fún wa pé ó ṣiṣẹ́, a ó kí i, a ó fún un lómi mu, kó máa lọ." Wọ́n gbé lẹ́tà òkè pátápátá sókè. "Èyí tó o kọ́kọ́ kọ ni mo ń retí. Bùnmi kà á, o ní àwọn òyìnbó ń yọ̀. Mo ní, hẹn-ẹn, Àbẹ̀kẹ́ náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tí kì í padà wá sọ òótọ́."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé àgbà ni wọ́n, síbẹ̀ inú bí mi débi pé mo dìde. "Ọdún kan, Màmá! Ẹ ò bá sì sọ fún mi!"

"Ìwọ náà ò bá sì sọ fún mi," ni Màmá wí.

Mo padà jókòó. Mo ti fura sí ọkùnrin ẹnubodè, mo ti fura sí obìnrin onílé, mo ti fura sí Màgírẹ́ẹ̀tì. Ẹni kan ṣoṣo tó ń fura sí mi ló ń tọ́jú ọmọ mi, ó sì ní ìdí rẹ̀.

Màmá bi mí bóyá mo fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Mo ròyìn ìwé ńlá yẹn fún wọn, mo sì ròyìn kéèkì.

"O jẹ ẹ́?"

"Mo dà á nù, mà."

Màmá pòṣé. Ó gùn. "Oúnjẹ ènìyàn! Bùnmi, lọ mú ìwé àti bíírò wá. Àbẹ̀kẹ́, o ò ní tẹ̀lé mi débì kankan àfi tó o bá ti kọ̀wé sí obìnrin yẹn."

Orí àpótí ìjókòó yẹn ni mo ti kọ ọ́. N kò kọ ìkíni gígùn sí i. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé èèpo tí mo gbé wá kì í ṣe ojúlówó, pé n kò jẹ ẹyọ kéèkì kan nínú gbogbo èyí tó fún mi, ojú sì ń tì mí. Bùnmi kà á sókè kí Màmá lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Màmá mú àdá, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò ní kí n jókòó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ, Bùnmi sì di ọwọ́ mi mú láàárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo títí a fi dé ìdí rẹ̀.

Mo ti mú ewé àti èèpo igi méjèèjì, òun gan-an àti èyí tó jọ ọ́, lọ bá ọkùnrin tó ń gbóòórùn igi ní yunifásítì. Ó gbé èyí tí mo fi ṣòfò ọdún kan súnmọ́ imú, ó sọ orúkọ rẹ̀ kí n tó jókòó tán, ó ní, "Ṣé èlùbọ́ rẹ nìyí?" Màgírẹ́ẹ̀tì fèsì pẹ̀lú káàdì kékeré kan. Ohun tó kọ sínú rẹ̀ ni bí a ṣe ń ṣe kéèkì náà.

Mo ti fi èèpo gidi náà ránṣẹ́ sí wọn ní lábù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àsìkò tí mo ń kọ èyí, àwọn kòkòrò ibà ṣì wà nínú àwo, èsì kò tíì dé, n kò sì mọ ohun tí yóò jẹ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lálúpọn, màá sọ fún Màmá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì yẹn náà ni màá wọ̀.